Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Tòkúnbọ̀: Ẹ Wádìí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

  

Olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ni ní ilé-ìwé aládàáni ní Mowe ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni ó wà nínú yàrá tí àwọn ọmọ ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, gbogbo wọn ni ó sì ti di arúgbó. Bí ọmọ bá tẹ ìdáhùn, ẹ̀rọ yóò ronú títí kí ó tó gbà á. Àwọn òbí ti dá owó jọ, wọ́n sì ti kó o lé e lọ́wọ́ pé kí ó lọ sí Ìkejà, kí ó ra "i5" mẹ́wàá, kí ó fi rọ́pò ọpọlọ àtijọ́ tí ó wà nínú wọn. Ó wá bi mí léèrè pé, "Alàgbà, bí mo bá ti rí i5 rà, ṣé ó parí náà nìyẹn?"

Èsì mi ni pé kò parí, kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀. Owó olówó ni ó wà lọ́wọ́ tíṣà yìí. Bí ó bá fi ra ohun tí kò bá àwọn ẹ̀rọ náà mu, kò sí òbí kan tí yóò jókòó gbọ́ àlàyé ihò àti bọ́ọ̀dù. Ohun tí wọn yóò sọ ni pé tíṣà ti jẹ owó. Ìdí nìyí tí mo fi sọ lẹ́tà rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀ràn náà kàn. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà; WAEC náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024 fún àwọn tí ń ṣe ìdánwò ní àdáni. Agbára káká ni ẹ ó fi rí ilé-ìwé girama kan láti Ibafo títí dé Ifo tí kò wá kọ̀ǹpútà díẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, tòkúnbọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn sì ń rà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Àpótí irin tí ó máa ń dúró lábẹ́ tábìlì, tí gbogbo wa ń pè ní CPU, kì í ṣe òun gan-an ni ọpọlọ. Ọpọlọ náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní prósẹ́sọ̀, jẹ́ ohun pẹlẹbẹ kékeré kan tí kò ju ojú páálí ìṣáná lọ. Orí bọ́ọ̀dù ńlá kan ni ó jókòó sí, nínú ihò onígun mẹ́rin tí a ṣe fún un, a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ há a mọ́ ibẹ̀, a kun ìpara díẹ̀ sí i lẹ́yìn, a sì gbé irin ìtutù àti fáànù lé e lórí. Ilé-iṣẹ́ Intel ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde fún títà ní 1971. 4004 ni wọ́n pè é. Láti ìgbà náà wá, wọ́n ti ń yí àga tí ọpọlọ ń jókòó lé padà léraléra, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin oníṣòwò kan wà ní Mowe níbí tí ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn, tí ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí ó sì ń tẹ ìwé ìbéèrè fún àwọn ilé-ìwé nígbà tí tẹ́ẹ̀mù bá ń parí lọ. Màmá Onítáìpù ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni ó ní, Dell OptiPlex 790 ni gbogbo wọn, ọpọlọ tí ó wà nínú wọn sì ni i3-2100. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Berger ní Dell tí ó jọ tirẹ̀ bí ìbejì, ṣùgbọ́n ti ẹ̀gbọ́n ń sáré ju tirẹ̀ lọ. Ó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n ní i5-3470 ni. Màmá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí ẹnjiníà rẹ̀ yọ ọpọlọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó dì wọ́n sínú àpò, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Berger, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí Ìkejà, ó dé Otigba. Ó fi àwọn àtijọ́ ṣe àfikún owó lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, ó sì ra i5-3470 mẹ́ta.

Nígbà tí ó dé ilé, ẹnjiníà gbé wọn sínú ihò. Wọ́n wọlé wẹ́kú, bí ẹsẹ̀ ti ń wọ bàtà tí a wọ̀n fún un. Wọ́n tan iná. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n dán ẹ̀kejì wò, dúdú. Ẹ̀kẹta, dúdú.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá padà sí Otigba pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Ọmọ mi, òkú ọjà ni o tà fún mi." Ọmọkùnrin náà tẹríba, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí a dán an wò lójú yín." Ó gbé e sínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. "Mọ́mì, ẹ ò rí i? Ọjà mi ò kú." Màmá gbé e padà dé Mowe, ó tún dúdú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rò pé ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀. Ó fẹ́ dá àwọn i3 àtijọ́ padà síbẹ̀, ọmọkùnrin náà ti tà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni gbogbo èyí sì ṣẹlẹ̀ o. Ilé-ìwé méjì ti gba ìwé ìbéèrè wọn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó ránṣẹ́ pè mí.

Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọpọlọ náà kò kú, bọ́ọ̀dù náà kò sì bàjẹ́. Ìran wọn ni kò bá ara mu. OptiPlex 790 jẹ́ ẹ̀rọ ọdún 2011. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe 790 rárá, OptiPlex 7010 ni, tí ó jáde ní 2012. Irú ihò kan náà ni ó wà lórí bọ́ọ̀dù àwọn méjèèjì, èyí tí wọ́n ń pè ní LGA1155. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ni ohun kan wà tí à ń pè ní chipset, tí ó dà bí ẹmẹsẹ̀ ààfin: òun ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọba tí ó ń jẹ́ ẹ fún àwọn ará ìta, tí ó sì ń mú èsì padà wá. Ti 790 ni Q65; ti 7010 ni Q77. Intel fúnra rẹ̀ kò ṣe Q65, Q67 àti B65 fún ọpọlọ ìran kẹta. i5-3470 sì rèé, ìran kẹta ni. Ọba tuntun jókòó lórí àga, ẹmẹsẹ̀ kò gbọ́ èdè rẹ̀, ààfin dákẹ́ rọ́rọ́.

Mo bá wọn dá sí i. Ọmọkùnrin náà gba i5-3470 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ó yọ owó díẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bí àṣà ọjà, ó sì fún Màmá ní i5-2400, èyí tí í ṣe ìran kejì. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n ṣiṣẹ́. Àwọn tí ń lo HP, ọ̀ràn tiyín kò yàtọ̀: HP Compaq 8200 Elite àti 6200 Pro wà ní ìhà ti 790, nígbà tí 8300 Elite àti 6300 Pro ń gba ìran kejì, wọ́n sì ń gba ìran kẹta.

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni orúkọ yìí, i5. Oyè ni i5, kì í ṣe orúkọ ìdílé. Balógun wà ní Ìbàdàn, Balógun wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oyè kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ti ìhín bá lọ jókòó sí àga ti ọ̀hún, ìjà dé. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni Intel ti ń fi i5 jẹ oyè fún ìran kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí ẹ bá dé Otigba tí ẹ sọ pé i5 ni ẹ fẹ́, ẹ kò tíì sọ nǹkan kan. Nọ́mbà tí ó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Nínú i5-2400, 2 tí ó ṣáájú ni ó ń sọ pé ìran kejì ni. Nínú i5-3470, 3 ni ó ṣáájú. Nínú i5-4570, 4 ni. Èyí tí nọ́mbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, bí i5-650, ìran kìn-ín-ní ni.

Ìran ni ó sì ń sọ ihò tí ó ń wọ̀. LGA775 ni ti àwọn arúgbó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Ìran kìn-ín-ní ti i5 wọ LGA1156. Ìran kejì àti ìkẹta, láti 2011, wọ LGA1155. Ẹ kíyè sí i pé ẹyọ kan péré ni ó wà láàárín 1155 àti 1156, síbẹ̀ ọ̀kan kò gbọdọ̀ wọ inú èkejì; wọ́n tilẹ̀ gé etí wọn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà fi agbára tì í. Ìran kẹrin, 2013, gba LGA1150. Ìkẹfà àti ìkeje gba LGA1151, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Nígbà tí ìran kẹjọ dé ní ìparí 2017, LGA1151 náà ni wọ́n tún pe ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá bọ́ọ̀dù àwọn ìkẹfà àti ìkeje ṣe. Ọ̀ràn Màmá Onítáìpù gẹ́lẹ́ ni, ihò kan, ẹmẹsẹ̀ méjì. Ẹ̀yin tí ọpọlọ yín jẹ́ ti AMD, ọ̀nà tiyín fẹ̀ díẹ̀, nítorí ihò AM4 gba ọ̀pọ̀ ìran Ryzen. Ṣùgbọ́n ẹ wo àtòjọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe bọ́ọ̀dù yín kí ẹ tó gbà pé gbogbo rẹ̀ ni yóò gbà.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ èyí tí ó wà nílé? Àwọn kan yóò ní kí ẹ tú u. Kò tíì di dandan. Ẹ di bọ́tìnnì tí àwòrán fèrèsé wà lára rẹ̀ mú, ẹ tẹ R mọ́ ọn, ẹ kọ msinfo32 sí ojú ibi tí ó bá yọ, kí ẹ sì tẹ Enter. Ìwé kan yóò ṣí. Níbẹ̀ ni ẹ ó rí orúkọ kọ̀ǹpútà, orúkọ ọpọlọ pẹ̀lú nọ́mbà rẹ̀, orúkọ bọ́ọ̀dù, àti ọjọ́ tí a ṣe BIOS. Ẹ fi ìwé àti bíírò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún o, nítorí ẹ̀rọ tòkúnbọ̀ tí a kó jọ lẹ́ẹ̀kan lè jọra lójú kí inú wọn má dọ́gba. Ètò kékeré kan tún wà tí ń jẹ́ CPU-Z, ọ̀fẹ́ ni, ó lè wà lórí fláàṣì. Òun yóò sọ orúkọ ihò àti ti chipset fún yín láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n.

Ọ̀nà tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni èyí: ẹ wá ọpọlọ tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà ti fúnra rẹ̀ tà pẹ̀lú irú rẹ̀ rí. Dell ta OptiPlex 790 pẹ̀lú i3-2100, ó tà á pẹ̀lú i5-2400, ó sì tà á pẹ̀lú i7-2600. Èyíkéyìí nínú mẹ́ta yìí, ọmọ ilé ni. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó wá ṣe.

Ó ku ti oúnjẹ tí ó ń jẹ. i3-2100 jẹ́ wáàtì 65. i5-2400 àti i7-2600 jẹ́ wáàtì 95. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó ni èyí, kì í jẹ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó lásán. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà mẹ́wàá: láti 650 ó di 950, wáàtì 300 ni ó lé. Ní ìlú tí àwa ṣì ń pe àwọn oníná ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti di PHCN ní 2005 tí PHCN náà sì ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ ní 2013, orí inverter tàbí jẹnẹrétọ̀ ni wáàtì 300 náà yóò bọ́ sí. Ṣe inverter ilé-ìwé lè gbé e? Ẹ béèrè kí ẹ tó rà. Bí kò bá lè gbé e, ẹ wá èyí tí S wà ní ìparí nọ́mbà rẹ̀. i5-2400S jẹ́ wáàtì 65. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀ lórí eré sísá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ọmọ tí ń dáhùn ìbéèrè yóò mọ̀. Èyí tí T bá wà ní ìparí rẹ̀ tún ń jẹ kékeré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí iná bá pọ̀, ooru a pọ̀. Fáànù àti irin ìtutù tí a ṣe fún wáàtì 65 lè má kápá 95, pàápàá nínú àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ eruku tí ń fẹ́ wọlé láti ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé bí a bá tú kọ̀ǹpútà kan ní Mowe, òkìtì eruku ni a ó kọ́kọ́ bá. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹ nu ìpara àtijọ́ kúrò, ẹ fi tuntun sí i, kí ó má ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ. Mo ti rí ẹnjiníà tí ó kun ún bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan inú ihò náà. Ní ti LGA, àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún wà nínú ihò, wọn kò sí lára ọpọlọ. Bí ọ̀kan bá tẹ̀, ó lè jẹ́ pé bọ́ọ̀dù lọ nìyẹn. Àmì onígun mẹ́ta kékeré kan wà ní igun ọpọlọ. Ẹ jẹ́ kí ó dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó wà létí ihò, ẹ gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má tì í. Kí ẹni tí yóò ṣe é sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irin àpótí náà, kí iná ara rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀.

Nípa BIOS, ẹ fara balẹ̀. BIOS ni ìmọ̀ tí bọ́ọ̀dù ní láti inú oyún wá: òun ni ó ń sọ fún un irú ọpọlọ tí ó mọ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà, bí àwọn tí chipset wọn jẹ́ H61, tí wọn kò mọ ìran kẹta nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n tí wọ́n lè mọ̀ ọ́n bí a bá fi BIOS tuntun kọ́ wọn, bí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe bọ́ọ̀dù náà bá ti gbé irú BIOS bẹ́ẹ̀ jáde. Nígbà tí ọpọlọ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ ni a ń ṣe é, kì í ṣe lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní àárín rẹ̀, bọ́ọ̀dù náà lè kú pátápátá. Nítorí náà, láéláé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi iná ìta nìkan ṣe é ní ìlú yìí. Kí kọ̀ǹpútà náà wà lórí inverter tàbí UPS tí bátìrì rẹ̀ kún. Màmá Onítáìpù bi mí pé ṣe BIOS tuntun kò lè yanjú ti 790 rẹ̀ ni. Kò lè yanjú rẹ̀. Q65 kì í ṣe aláìmọ̀wé tí a lè kọ́. Wọn kò bí i mọ́ èdè náà ni.

Ọjà Ìkejà wá kù. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ràn àwọn ọmọ Otigba. Iṣẹ́ ọpọlọ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì lọ sí ilé-ìwé kankan fún un. Ṣùgbọ́n ọjà àlòkù ni, a kì í sì í mọ ibi tí àlòkù ti rìn kọjá. Ní 2005, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Basel Action Network wá sí Èkó. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ẹ̀rọ àlòkù ni ó ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé àwọn ará ọjà fúnra wọn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni kò ṣe é tún ṣe. Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà dání lọ. Mo mọ̀ pé ó wúwo, mo sì mọ bí bọ́ọ̀sì Berger ti ń há. Síbẹ̀, bí ọpọlọ kan bá ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ ẹni tí ń tà á, kò tíì fi hàn pé yóò ṣiṣẹ́ nínú tiyín. Ẹ ti gbọ́ ìtàn Màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sínú tiyín níṣojú yín. Ẹ ka nọ́mbà tí ó wà lẹ́yìn irin rẹ̀, kí ẹ tún ka èyí tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sọ. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ má ra mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ gbé e wálé, ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, kí ẹ tó padà lọ ra mẹ́sàn-án. Owó ọkọ̀ ìrìn kejì kéré sí owó ọpọlọ mẹ́wàá tí kò wúlò. Kí nọ́mbà náà ní kíkún wà lórí rìsíìtì, kì í ṣe "i5" lásán, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí wọn yóò fi gbà á padà bí kò bá ṣiṣẹ́. Àwọn ti àtijọ́ ńkọ́? Kí wọ́n wà nílé títí tuntun yóò fi jẹ́rìí ara rẹ̀. N kò kọ iye owó síbí, nítorí kí ìwé yìí tó dé ọwọ́ yín, iye náà lè ti yí padà.

Bí ẹnì kan bá fi Xeon lọ̀ yín, tí ó ní ó lágbára ju i5 lọ tí owó rẹ̀ sì kéré, ó lè má purọ́. Xeon E3-1230 ń wọ LGA1155 lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ń gbé àwòrán jáde nínú ara rẹ̀. Bí kò bá sí káàdì àwòrán lọ́tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà yín, ojú rẹ̀ yóò dúdú, ẹ ó sì tún máa wá ẹni tí ẹ ó bá jà.

Ti láptọ́ọ̀pù kò gùn. Láti ìran karùn-ún ni Intel ti ń lẹ ọpọlọ láptọ́ọ̀pù mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣe é yọ bí ti tábìlì. Kódà nínú àwọn ìran tí ó ṣáájú, èyíkéyìí tí U bá wà ní ìparí nọ́mbà rẹ̀, lílẹ̀ ni. ThinkPad T430 ṣe é pààrọ̀. T440 kò ṣe é pààrọ̀. HP EliteBook 8460p ṣe é pààrọ̀. EliteBook 840 kò ṣe é pààrọ̀. Bí ẹnjiníà kan bá ní òun yóò bá yín yọ èyí tí a lẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì gbé láptọ́ọ̀pù yín lọ.

Èmi yóò wá sọ èrò ọkàn mi fún tíṣà, bí kò tilẹ̀ bi mí. N kò gbà pé ọpọlọ ni àìsàn àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kí ó wo mẹ́mọ́rì wọn, èyí tí à ń pè ní RAM. Bí ó bá jẹ́ 2GB péré ni ó wà nínú wọn, tí háàdì dísìkì wọn sì jẹ́ irú àtijọ́ tí ń yí tí ń ké, i7 pàápàá yóò máa wọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Kí ó ra RAM tí yóò mú un tó 8GB, irú DDR3 ni ìran kejì àti ìkẹta ń lò jù, kí ó sì fi SSD rọ́pò dísìkì àtijọ́ náà. i3-2100 tí ó ní nǹkan méjèèjì yìí yóò ṣíwájú i5-2400 tí kò ní wọn, nínú iṣẹ́ ìdánwò àti ìwé títẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ ṣe é fún kọ̀ǹpútà kan, kí ó pe àwọn òbí wá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a kò fọwọ́ kàn. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, owó ìpààrọ̀ ọpọlọ yóò kù sílẹ̀ fún bátìrì inverter. Èyí tún dára ní ọ̀nà mìíràn: nígbà tí kọ̀ǹpútà náà bá kú, SSD náà yóò bá a lọ sínú ẹ̀rọ tí ó bá rọ́pò rẹ̀, ọpọlọ LGA1155 kò ní lè bá a lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó náwó. Ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè ìran kẹjọ ti Intel sókè. Kò sí ọpọlọ kankan tí ó lè wọ LGA1155 tí yóò mú arúgbó yìí dé ibẹ̀ ní ọ̀nà tí Microsoft fọwọ́ sí. Fún yàrá ìgbáradì tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ẹni tí yóò lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, kí ó ronú sí Linux Mint tàbí Ubuntu, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, bí ètò tí àwọn ọmọ ń lò bá lè ṣiṣẹ́ lórí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti Ifo nípa bátìrì inverter tí ó wú, mo ti rí lẹ́tà yín. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ lónìí, ẹ má sì lò ó mọ́. Àlàyé rẹ̀ yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.